Ohùn Jemima Nínú Bọ́ọ̀sì Bàbá Rẹ̀

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà ni Jemima kọ́kọ́ rí. Méjèèjì wú bí ti ẹni tó kó ẹ̀wà gbígbóná sẹ́nu tí kò mọ ibi tí yóò tu ú sí. Ó jókòó sídìí sítíárì ọkọ̀ Kútọnu kan tó ti ń gbó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Òkè-Ọlá ní Ìlaròó. Ó ki ọ̀pá ike kékeré kan bọnu, ó ń mí sínú rẹ̀ kíkankíkan, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n bí ata. Àwọn ọlọ́kadà yí i ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ náà kò jí. Ohùn obìnrin kan ló ń pariwo láti inú dáṣíbọ́ọ̀dù pé, "Suflé! Suflé!"

"Ta ni obìnrin yẹn ń bú?" ni ọlọ́kadà kan bèèrè.

"Ìwọ ni," ni èkejì dá a lóhùn. "Ó ní kí o san ohun tí o jẹ òun."

Jemima ń kọjá lọ sí ilé-ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì. Ó fẹ́ yà fún èrò náà, àmọ́ òórùn ògógóró bá a nímú, ó sì dúró. Bàbá rẹ̀ ni olórí Ẹgbẹ́ Olómi-Tútù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwọn tó búra pé ọtí kò ní kan ètè àwọn títí ayé, tí wọ́n ń so ríbọ́ọ̀nù funfun mọ́ àyà. Láti ọmọ ọdún méje ni Jemima ti ń so tirẹ̀.

"Agogo méje àárọ̀," ló sọ, kò sì rọra sọ ọ́. "Ẹ ti mutí, ẹ tún fẹ́ wakọ̀?"

Ọkùnrin náà yọ ọ̀pá ike lẹ́nu. "Ẹ má bínú, Àǹtí. N kò mu ún. Mo fi fọ ẹnu ni, mo sì tu ú dànù."

"Èwo ni kí èèyàn máa fi ògógóró fọ ẹnu?"

"Kí n lè mọ̀ bóyá ọkọ̀ yìí yóò kọ̀ fún mi ni. Ó sì ti kọ̀! Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló kọ̀." Inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́.

Jemima kò tíì rí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò jí tí inú rẹ̀ dùn tó báyìí rí.

Ọkùnrin náà yọ ọ̀pá ike yẹn kúrò lára ẹ̀rọ kékeré kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fi tuntun sí i. "Ẹ wá mí sí i."

"N kò mọ ọkọ̀ wà."

"Ẹ kò ní wà á. Ẹ kàn mí."

Jemima wo àwọn ọlọ́kadà, wọ́n wo òun náà. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì mí. Kò tíì gbé ẹnu kúrò tí iná kékeré aláwọ̀ ewé tàn. Ọkùnrin náà yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn. Gbogbo wọn hó yèè.

"Akínbọ̀wálé ni orúkọ mi," ni ọkùnrin náà wí. "Rewáyà ni mí. Mo kàwé díẹ̀ ní Pólì níbí. Mísími ni mo pe ẹ̀rọ yìí. Kí ni orúkọ yín, Àǹtí?"

"Mo-ti-pẹ́," ni Jemima dáhùn, ó sì yára bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, ó ti rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà wọ ọgbà ilé-ìwé wá pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́. Màmá Edith, tó ni ilé-ìwé náà, ló ránṣẹ́ pè é pé kó wá fi ẹ̀rọ rẹ̀ sí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Ní sáà tó kọjá, awakọ̀ kan tó ti yó gbé bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé mìíràn wọ kòtò lójú ọ̀nà Ìdógò. Ọlọ́run yọ wọ́n, àmọ́ láti ọjọ́ náà ni Màmá Edith kò ti sùn dáadáa mọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí Motipẹ́," ni Akínbọ̀wálé kí Jemima láti abẹ́ sítíárì, àwọn tíṣà yòókù sì bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá Cornelius, bàbá Jemima, ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì tiwọn. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ, tó ń gbé wọn bọ̀. Òun ni inú rẹ̀ dùn jù sí ẹ̀rọ yìí. Bí Akínbọ̀wálé ṣe ń so wáyà, ó jókòó tì í, ó ń bi í ní ìbéèrè.

"Ẹ ó kọ́kọ́ gbé láísẹ́ǹsì yín lé e láyà, Bàbá," ni Akínbọ̀wálé ṣàlàyé. "Mo ti kọ yín sínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì, kò ní dá a lóhùn rárá. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá mí sí i."

Bàbá yọ láísẹ́ǹsì rẹ̀, ó fi áńkáṣífù nù ún títí ó fi ń dán. "Ó ti yẹ kí irú èyí wà tipẹ́," ló wí. "Àwọn ọmùtí ti sọ ọ̀nà wa di ibojì. Ọmọ yìí, Ọlọ́run yóò bù kún ọ."

Ìṣòro kan ló kù. Kútọnu ni Akínbọ̀wálé ti ra apá tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ náà, Faransé ló sì ń sọ; "Mí sí mi" ni "Suflé" yẹn. Ó ti kọ Yorùbá sórí ìwé, ó wá ń wá ẹni tí yóò fi ohùn tó já gaara sọ ọ́. Màmá Edith tọ́ka sí Jemima.

Jemima gba ìwé náà, ó kà á: "Mí sí mi. O ti mutí. Sọ̀kalẹ̀."

Ó mú báírò pupa, ó fa igi gbọọrọ lé gbogbo rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé mẹ́ta nínú mẹ́wàá.

"Mẹ́ta!" ni Akínbọ̀wálé ké. "Lẹ́yìn gbogbo wàhálà mi?"

"Nítorí pé ẹ mọ̀wé kọ ni mo ṣe fún yín ní mẹ́ta. Ta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Awakọ̀ ni."

"Awakọ̀ tó lè jẹ́ bàbá ọlọ́mọ mẹ́fà. Ẹ̀rọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lánàá ni yóò sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó sọ̀kalẹ̀? Wọn yóò fi òkò fọ́ ọ."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kíláàsì kejì, ó tún un kọ. Àkọ́kọ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí sí mi." Tí ẹni náà kò bá mutí: "Ẹ ṣeun o. Ọ̀nà á dára." Tó bá mutí: "Ẹ má bínú. Ọkọ̀ yìí ò ní lè gbéra báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi ná."

Akínbọ̀wálé kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. "Ó dára gan-an," ló wá wí, kò sì ṣàwàdà rárá.

Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti gba ohùn náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, àmọ́ ọ̀sán mẹ́rin ni wọ́n fi gbà á. Lọ́jọ́ kìíní, ọ̀kadà pọ̀ jù lójú títì. Lọ́jọ́ kejì, àkùkọ kan kọ ní àárín "Ẹ jọ̀ọ́." Lọ́jọ́ kẹta, Jemima ní ọ̀fun òun gbẹ, Akínbọ̀wálé sì lọ ra àgbàdo sísun àti àgbọn fún un, bí ẹni pé àgbàdo ń wo ọ̀fun gbígbẹ sàn.

Ẹnì kan wà tí gbogbo rẹ̀ ń pa lẹ́rìn-ín. Ọmọ́délé, ẹ̀gbọ́n Akínbọ̀wálé, máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà, ọ̀pá ìrìn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ló ní. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó máa lé adìẹ.

"Tíṣà," ló sọ lọ́jọ́ kẹrin, "ohùn yín ti wọlé láti àná. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Àbúrò mi kàn ń tan yín ni."

"Mo mọ̀," ni Jemima dáhùn, ó sì bu àgbàdo rẹ̀ jẹ.

Akínbọ̀wálé, tó dorí kọ wáyà, kò gbójú sókè, àmọ́ etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n.

Jemima fẹ́ràn láti máa wo ọwọ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Kì í fi wáyà kankan sílẹ̀ níhòòhò. Ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní dé, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbẹ̀ yẹn, ó ń wé e mọ́ra tónítóní bí ẹni tó ń dirun ọmọ. Ọ̀pọ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí ọkọ̀ jí. Ọkùnrin yìí ń fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wá ìgbà tí kò yẹ kó jí.

Nígbà tí Ọmọ́délé wọlé lọ sinmi, Jemima bi Akínbọ̀wálé ní ohun tó mú un ṣe ẹ̀rọ náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi ń wakọ̀ èrò láti Ìlaròó sí Ayétòrò," ni Akínbọ̀wálé wí. "Mo jókòó tì í lọ́jọ́ tí jàǹbá gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Ó ti mu. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi pé, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká dúró.' N kò lè sọ ọ́. Àbúrò ni mí. Ta ni mo jẹ́ tí n ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó ti yó?" Ó gbé ẹ̀rọ náà lé àtẹ́lẹwọ́. "Mo wá ní kí n ṣe ohun tó lè sọ ọ́. Ohun tí kì í ṣe àbúrò ẹnikẹ́ni. Àmọ́ n kò mọ bó ṣe yẹ kó sọ ọ́, àfi ìgbà tí ẹ kọ ọ́ fún mi."

Jemima kò mọ ìgbà tó di ọwọ́ náà mú, tòun ti ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀.

"Tí a bá ti ṣí bọ́ọ̀sì yín ní Mọ́ńdè," ni Akínbọ̀wálé rọra wí, "mo fẹ́ wá rí Bàbá. Kì í ṣe nítorí ọkọ̀."

"Ẹ má pẹ́ o," ni Motipẹ́ dá a lóhùn.

Àwọn òbí pé sí ọgbà ilé-ìwé láàárọ̀ Mọ́ńdè. Olùṣọ́-àgùntàn gbàdúrà. Bàbá Cornelius wọ aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ríbọ́ọ̀nù ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láyà rẹ̀. Ó gòkè sínú bọ́ọ̀sì, ó gbé láísẹ́ǹsì lé ẹ̀rọ láyà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ohùn Jemima wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí sí mi."

Àwọn ọmọ kíláàsì kejì hó, "Àǹtí Jemima wà nínú bọ́ọ̀sì!" Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì mí.

"Ẹ má bínú. Ọkọ̀ yìí ò ní lè gbéra báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi ná."

Bàbá tún mí. Ohùn náà tún bẹ̀ ẹ́. Akínbọ̀wálé sáré wá, ó ní bóyá nǹkan kan wà lẹ́nu Bàbá, kí wọ́n bu omi fún un kó fi yọ ẹnu, kí gbogbo èèyàn ní sùúrù fún ogún ìṣẹ́jú. Ogún ìṣẹ́jú yẹn gùn ju ọdún kan lọ. Nígbà tó pé, Bàbá mí lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn ọmọ rẹ̀ sì sọ fún un lẹ́ẹ̀kẹta, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kó sinmi.

"Olórí Olómi-Tútù!" ni ẹnì kan sọ lẹ́yìn. Ẹ̀rín kan bẹ́, ó sì tètè kú.

Bàbá Cornelius sọ̀kalẹ̀. Ó wo Akínbọ̀wálé bí ẹni tí kò rí i rí. "Ẹ̀rọ irọ́ lo kó wá. Ọtí kò kan ẹnu mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. O wá lọ mú ohùn ọmọ mi, o fi bú mi lójú gbogbo ayé. Má tẹ ilé mi o. Má tẹ ẹ́ láéláé."

Màmá Edith gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú omi lójú. Ó ní títí ọ̀rọ̀ yóò fi yé àwọn, ẹlòmíràn ni yóò máa gbé àwọn ọmọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Jemima lọ sí ilé iṣẹ́. Kò jókòó.

"Bàbá mi kì í mutí. Ẹ mọ̀."

"Mo gbà wọ́n gbọ́."

"Ẹ̀rọ yín ló ṣàṣìṣe nìyẹn."

"Mo ti tú u wò láti àárọ̀. Èmi náà mí sí i, Ẹ̀gbọ́n mi mí sí i. Kò ṣàṣìṣe."

"Ẹ bá mi dín agbára rẹ̀ kù. Díẹ̀ báyìí. Nínú bọ́ọ̀sì bàbá mi nìkan, kó lè gbà wọ́n láyè. Ìyá mi ti kú, iṣẹ́ yẹn àti orúkọ yẹn nìkan ló kù fún wọn. Tí ẹ bá nífẹ̀ẹ́ mi."

Akínbọ̀wálé gbé skurudiráfà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Kò ní gbà mí ju ìṣẹ́jú méjì lọ," ló wí. "Kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí mo ti dákẹ́ rí, Jemima. Ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó síta yẹn. N kò lè dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, pàápàá tí ọmọ ọlọ́mọ bá wà lẹ́yìn ọkọ̀. Nítorí mo nífẹ̀ẹ́ rẹ ni n kò ṣe lè ṣe é."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é ní ìwọ. Jemima yí padà, ó jáde, kò sì bá Ọmọ́délé sọ̀rọ̀ bó ṣe kọjá.

Ọ̀sẹ̀ náà gùn. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ojú ń tì í láti jáde. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó sì rán Jemima sí Ìyá Roheemat, tó ń ta àgbo lẹ́bàá gáréèjì.

"Láti Mọ́ńdè ni n kò ti rí Bàbá," ni Ìyá Roheemat wí, ó ṣí ike. "Àràárọ̀ ni wọ́n ń dúró lọ́dọ̀ mi kí wọ́n tó lọ gbé bọ́ọ̀sì. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni, àbí?"

"Èwo ni èyí tó ń ṣiṣẹ́, mà?"

"Méjì ni mò ń ta. Ọ̀kan, omi la fi rẹ ẹ́. Èkejì, ògógóró ni. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Bàbá ní ti omi kò kan ẹ̀yìn àwọn, pé kí n fún àwọn ní èyí tó ń ṣiṣẹ́. Mo sì ń fún wọn. Ife kan gbáko, àràárọ̀."

Jemima tẹjú mọ́ ike náà. "Ṣé wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?"

"Wọn ò bi mí, ọmọ mi. Wọ́n á mu ún, wọ́n á ní ó ta, wọ́n á ní egbò igi náà dára. Àgbo ṣáà ni. Ta ló ń bi àgbo ní ìbéèrè?"

Jemima gba ìgò kan èyí tó ń ṣiṣẹ́ náà, àmọ́ kò gbé e lọ sílé. Ilé iṣẹ́ Akínbọ̀wálé ló gbé e lọ tààrà. Ọmọ́délé ni ó kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣí ìgò fún un, kó gbóòórùn. Ọmọ́délé fa imú lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì yí ojú kúrò.

"Ẹ dé e, Tíṣà. Ó pé ọdún mẹ́sàn-án tí a ti ríra, èmi pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà sí mi."

Akínbọ̀wálé jáde. Kí ó tó kí i, Jemima ti bu ife kan, ó ti dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa.

"Ife tí bàbá mi ń mu nìyí. Mo fẹ́ mọ̀."

"Jemima, má mu gbogbo rẹ̀..."

Ó ti mu gbogbo rẹ̀. Ó wúkọ́ títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó yọ ẹnu, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì dúró fún ogún ìṣẹ́jú.

"Kí ló dé tí o di méjì?" ló bèèrè lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

"Èwo lo fẹ́ fẹ́ nínú wọn?" ni Akínbọ̀wálé bi í.

"Èyí tó kọ̀ fún mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè." Jemima rò ó síwá sẹ́yìn. "Kí èkejì máa ra àgbàdo."

Ọmọ́délé rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá ìrìn rẹ̀ fi ṣubú.

Nígbà tí àkókò pé, Jemima mí sínú ẹ̀rọ náà. Ohùn ara rẹ̀ ló dá a lóhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ẹ má bínú. Ọkọ̀ yìí ò ní lè gbéra báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi ná."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló sunkún. Akínbọ̀wálé jókòó tì í, kò sọ pé mo wí fún ọ. Ó kàn yọ áńkáṣífù. "Sinmi ná," ló wí. "O gbọ́ ohun tí tíṣà sọ."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, àwọn méjèèjì lọ bá Bàbá Cornelius. Akínbọ̀wálé kò wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀ níwájú ilé.

"Ẹ ní n kò gbọdọ̀ tẹ ilé yín, sà. N kò tẹ̀ ẹ́."

"Kí lo wá wí?"

"Bàbá, ẹ̀rọ náà kò purọ́. Ẹ̀yin náà kò purọ́."

Jemima kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ àgbo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó sọ ife tí òun fúnra òun mu. Bàbá kò já ọ̀rọ̀ gbà á lẹ́nu. Nígbà tó parí, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ní sáà tó kọjá," ló wí níkẹyìn, "mo fi ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì ha ògiri géètì ilé-ìwé. Mo ní oòrùn ló wọ̀ mí lójú. Àmọ́ kò sí oòrùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọ mọ́kàndínlógún ló wà lẹ́yìn mi."

Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ọdún mẹ́ta. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi?"

"Ta ni ì bá sọ ọ́, sà?" ni Akínbọ̀wálé dáhùn láti ilẹ̀. "Àgbà ni yín. Ọmọ yín ló sọ ọ́, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀yin lòun ń bá wí. Èmi ti kọ ọ́ sórí ìwé tẹ́lẹ̀ pé, 'O ti mutí, sọ̀kalẹ̀.' Ó fún mi ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ó ní awakọ̀ náà lè jẹ́ bàbá ẹnì kan."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohun kan tó jọ ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í jí lẹ́nu rẹ̀.

"Mẹ́ta yẹn pọ̀ jù," ló wí. "Dìde, ọmọ mi. Iyẹ̀pẹ̀ ti kún aṣọ rẹ. Wọlé wá."

Ní Mọ́ńdè, Bàbá Cornelius dúró níwájú àwọn òbí àti àwọn ọmọ, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ ọ́. Ó sọ pé òun gbé àwọn ọmọ wọn fún ọdún mẹ́ta pẹ̀lú ọtí nínú ara òun, pé òun kò mọ̀ ọ́n, pé ó yẹ kí òun bèèrè. Ó tọrọ àforíjì. Ó tú ríbọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fún Olùṣọ́-àgùntàn, ó ní tó bá pé oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó so ó padà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Màmá Edith fúnra rẹ̀ ló gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó ní kó lọ mí sí ẹ̀rọ náà.

"Ẹ ṣeun o," ni ohùn Jemima wí. "Ọ̀nà á dára."

Ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún. Àgbo olómi ló ń mu báyìí, ó sì máa ń kígbe sí Ìyá Roheemat láti òkèèrè pé, "Èyí tí kò ṣiṣẹ́ o!"

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ìgbéyàwó. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni Bàbá Cornelius ní òun yóò fi gbé ọmọ òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò gba ọkọ̀ mìíràn. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì ti fọ̀ ọ́ láti ìdájí. Ìyàwó jókòó sílé, kò tíì ṣetán. Fóònù rẹ̀ dún. Akínbọ̀wálé ni, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Motipẹ́, a ti dé o. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń lé adìẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mò ń bọ̀, olówó orí mi. Ṣé o ti fọ ẹnu?"

"Omi ni mo fi fọ̀ ọ́."

Nígbà tó jókòó tán sẹ́yìn bàbá rẹ̀, tó kó aṣọ funfun jọ sórí itan, Bàbá gbé láísẹ́ǹsì lé ẹ̀rọ láyà. Ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ ti padà sípò. Ó mí.

"Ẹ ṣeun o. Ọ̀nà á dára."

Iná aláwọ̀ ewé tàn, àmọ́ Bàbá kò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sí ọmọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yìn ń dùn yín ni?"

"Rárá o." Ó wo ẹ̀rọ kékeré náà. "Mò ń rò ó ni. Láti ọ̀la, ilé yóò dá bí mo bá jí. Kò ní sí ẹni tí yóò kí mi kú iṣẹ́. Mo wá ní, ah, bí mo bá ti dé inú bọ́ọ̀sì, ọmọ mi á kí mi."

Jemima na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó gbé e lé èjìká rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, sà," ló wá wí. "Mo ti pẹ́."

"Dúró ná," ni Bàbá wí. Ó tún fi ẹnu mú ọ̀pá ike náà, ó sì mí sí i lẹ́ẹ̀kejì, kó lè tún gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀.